Èémí Tán Lẹ́nu Aládìẹ

Obìnrin kan ló ń nájà adìẹ lọ́wọ́ mi lọ́jà Ìkìrun lọ́jọ́ tí ara mi kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan ti yí. Ó ti tẹ gbogbo adìẹ inú àgò mi láyà, ó ti fẹ́ ìyẹ́ ìdí wọn wò bí ìyá ọkọ tó ń yẹ àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀ wò, ó wá ní wọ́n rù. Mo la ẹnu láti sọ fún un pé òun náà ò sanra, síbẹ̀ ọkọ rẹ̀ ò dá a padà. Mo dé ibi "ìwọ náà ò", èémí tán. Mi ò wúkọ́, nǹkan kan ò há mi lọ́fun. Èémí kàn tán ni, bí ìgbà tí gáàsì bá tán lábẹ́ ọbẹ̀ tí kò tíì jinná. Obìnrin náà dúró, ó ń retí ìyókù èébú rẹ̀.

Ìyá Dèbórà, tí ìsọ̀ adìẹ rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan tèmi, yíjú sí mi. "Ìyá Síkírá, ara ẹ le ṣá? Látìgbà tí mo ti mọ̀ ẹ́, o ò bú èèyàn dé ìdajì kó o dákẹ́ rí."

Gbogbo ìlà wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ni nǹkan bá gún mi lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Mo jókòó. Mo ní òòrùn ni.

Kì í ṣe òòrùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo oríkèé ara ti ń ro mí, ẹyinjú ń dùn mí bí mo bá yí i, òtútù ń mú mi lábẹ́ aṣọ tí mo kó lé ara wọn, bẹ́ẹ̀ awọ ara mi gbóná tó ohun tí èèyàn lè fi lọ aṣọ. Ikọ́ gbígbẹ tẹ̀ lé e. Ibà la pè é. Lọ́dọ̀ wa, ohun gbogbo ni ibà títí tí yóò fi di nǹkan mìíràn. Mo ní kí wọ́n bá mi ra oògùn ní kẹ́míìsì, irú èyí tí wọ́n ń dà pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, funfun pẹ̀lú pupa, tí ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á ò ní lè dárúkọ rẹ̀. Mo gbé e mì. Mo fi àgbo lé e. Ká ní ibà ni, ì bá ti sá fún ìtìjú.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, torí irú wa pọ̀ láti Ìkìrun dé Inísà dé Òkukù, ohun tí a sì ṣe náà ni gbogbo wa ń ṣe. Bí àrùn bá wọ oko adìẹ, olóko kì í kọ́kọ́ pe dókítà ẹran. Àwa ló ń pè. Á ní, "Ẹ máa bọ̀ kíá o, wọ́n ti ń tòògbé." A mọ ohun tó ń wí. Adìẹ tó ń tòògbé kò ní jí, ṣùgbọ́n títí tí yóò fi kú, ọjà ni. Àrùn lùkúlùkú la mọ̀, èyí tó máa ń yí adìẹ lọ́rùn. A ti ń rí i láti ìgbà àwọn ìyá wa. A máa rà wọ́n lọ́pọ̀ ní ẹ̀dínwó, a máa sáré fi ọ̀bẹ dúńbú wọn kí ikú tó já wọn gbà lọ́wọ́ wa. Èyí tó bá dá kú, òkú ǹbete ni: Mùsùlùmí ò ní jẹ ẹ́, Kìrìsìtẹ́nì náà á yínmú sí i. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá ti bá a, tí ẹ̀jẹ̀ jáde, tí a ti ṣe bísímílà, ó ti mọ́. Bí a ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé mímọ́ ti ẹ̀sìn lọ́tọ̀, mímọ́ ti àrùn lọ́tọ̀.

Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú àìsàn mi, oko kan lẹ́bàá Inísà pè wá. Bàbá Síkírá, ọkọ mi, ló ń dúńbú. Ẹ̀ bá wá wò ó: ọkùnrin tí kì í sáré bí òjò bá ń pa á, ó ń fò láti orí adìẹ kan bọ́ sórí òmíràn, bísímílà ń gun bísímílà lẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀. Bó bá gbé ọ̀bẹ sí ti iwájú lọ́rùn, ti ẹ̀yìn á ti nà gbalaja.

"Èyí lọ o!" lèmi ń ké. "Èyí náà lọ! Bàbá Síkírá, ikú ti fi yín sílẹ̀ sẹ́yìn!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Olóko nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ogbe orí àwọn adìẹ náà ti dúdú bí ohun tí wọ́n rẹ sínú aró, ojú wọn wú, àmì pupa wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n sì ń kú kíákíá ju ti lùkúlùkú lọ. Mo rí i dáadáa. Ẹ̀dínwó ni mo ń wò.

Síkírá, ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo, tó wà nílé ọkọ ní Òkukù, wá bá wa tu ìyẹ́. Ó lóyún. Oyún tó pẹ́ kó tó dé ni, tó jẹ́ pé ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń kí i ní ìkíkí tí kì í ṣe ti àlàáfíà. A jókòó yí agbada omi gbígbóná ká, ooru rẹ̀ ń fẹ́ sí wa lójú, ìyẹ́ ń lẹ̀ mọ́ wa láyà. Èmi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, torí ọ̀fìnkìn kan ń jà ládùúgbò wa lọ́sẹ̀ yẹn, kò sílé tí wọn ò ti ń sín. Èmi náà ti ń sín kí a tó kúrò nílé. Ẹ fi ọ̀fìnkìn yẹn sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Nígbà tó di pé mi ò lè rìn láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé láìfìdí lélẹ̀ lójú ọ̀nà, Bàbá Síkírá pe ọmọ rẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì láti Òkukù, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé.

"Màámi, ètè yín dúdú."

"Ṣé ó ti pupa rí ni?"

"Ẹ má bá mi ṣàwàdà. Ẹ dìde."

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkìrun la kọ́kọ́ lọ. Wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, àwọn ìbejì tí wọn kì í yà sọ́tọ̀ lọ́dọ̀ wa. Omi yẹn wọlé tán, ìmí mi ò yí padà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló fi nǹkan kékeré kan tó jọ ohun tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn há mi níka. Ó ń yẹ bí afẹ́fẹ́ ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni. Nọ́ọ̀sì wo nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó fi há ìka tirẹ̀ bóyá nǹkan náà ló bàjẹ́, ó tún fi há tèmi. Ló bá ní ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo ni, ní báyìí, ká má lọ sílé lọ múra.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wá èémí tì rí, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín. Kò dà bí ẹni tó sáré. Ẹni tó sáré mọ̀ pé bí òun bá dúró, èémí á bá òun. Èmi ti dúró, mo ti jókòó, mo ti dùbúlẹ̀, kò sí ibì kankan mọ́ tó kù láti dúró sí. Mò ń fi ẹnu bu afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń mu ògì gbígbóná. Lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ní ká jókòó sí ní Òṣogbo, ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sùn, orí rẹ̀ ń bọ̀ léjìká mi, mi ò sì ní èémí tí mo máa fi lé e. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí gan-an. Èmi, kí orí ẹlòmíràn wà léjìká mi láìgba èébú!

Dókítà tó yẹ̀ mí wò, obìnrin kékeré ni, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Ó gbé nǹkan sí mi lẹ́yìn, ó tẹ́tí, ó ní kí wọ́n ya àyà mi ní ẹ́síréè. Ó fi àwòrán náà hàn mí. Ibi tó yẹ kó dúdú ti funfun. Ó ní òtútù àyà ni: ẹ̀dọ̀fóró èèyàn rí bíi kànìnkànìn gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń wọ ihò rẹ̀, tèmi ti mu omi, afẹ́fẹ́ kò ríbi wọ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè tí mo ti ń bẹ̀rù.

"Màmá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mò ń tà."

"Kí lẹ ń tà?"

"Ọjà."

Síkírá wojú mi. Èmi wo ògiri. Mo mọ ohun tí ẹnu mi lè fà. Níbi tí ìjọba bá ti gbọ́ pé àrùn burúkú wọ adìẹ, wọ́n á kó èyí tó ń ṣàìsàn, wọ́n á kó èyí tí nǹkan kan ò ṣe, wọ́n á sin gbogbo rẹ̀ sí kòtò kan, wọ́n á ní ká máa retí owó gbà-má-bínú. Bí wọ́n bá tọpa mi, wọ́n á dé ìlà wa. Àwọn opó wà nínú ìlà yẹn tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé ló ń ké nínú àgò wọn.

Dókítà fa àga sún mọ́ mi. "Màmá, ẹ gbọ́. Ohun tó wà láyà yín, mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú yín yìí lóyún, irú àrùn báyìí kì í ṣàánú aláboyún. Ó ní èyí tí oògùn rẹ̀ wà, tí èèyàn bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Mi ò lè mọ èyí tí mo máa fún un bí ẹ ò bá sọ ohun tí ẹ fọwọ́ kàn."

Mo wo ikùn ọmọ mi. Ó ti gbé ọwọ́ lé e láìmọ̀.

"Adìẹ," ni mo wí.

"Ara wọn le?"

"Wọ́n ń tòògbé."

"Ta ló bá yín pa wọ́n? Ta ló tu ìyẹ́ wọn?"

Síkírá na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

Dókítà dìde, ó lọ gbé ìbòmú mìíràn lé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, nǹkan yára. Wọ́n gbé mi lọ sí yàrá kan tí ó dá dúró. Àwọn tó ń wọlé wá bá mi fi aṣọ bo ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mi ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Wọ́n ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní òwú lórí bọ imú mi, ó wọlé lọ bí ẹni fẹ́ wo ohun tí mò ń rò. Wọ́n fi rọ́bà ọ́síjìn sí mi nímú. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé, mo sunkún. Kì í ṣe ìrora. Ọ́síjìn yẹn tutù, ó dùn, ó dà bí ìgbà tí èèyàn dé ìdí odò lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀. Síkírá àti bàbá rẹ̀ gba oògùn tó ń di àrùn ọ̀fìnkìn lọ́nà, wọ́n sì ní kí wọ́n dúró nílé wa ní Ìkìrun, kí wọ́n má lọ sí ilé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n máa wo bí ara bá ń gbóná. Ojoojúmọ́ ni mò ń pe Síkírá lórí fóònù.

"Ṣé o ti wúkọ́?"

"Rárá, Màámi."

"Wúkọ́ kí n gbọ́."

"Màámi, mi ò ní ikọ́ tí mo máa wú!"

Ìyẹn ni oògùn tèmi. Ti dókítà wà lọ́tọ̀.

Ẹlòmíràn náà pè mí.

"Ìyá Síkírá, ṣé o ṣì ń mí?" Ìyá Dèbórà ni.

"Díẹ̀díẹ̀."

"Ó dáa. Máa mí lọ, kó o lè gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwọn ará ìjọba ti wá. Wọ́n kó èyí tó ń yé, wọ́n kó èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n da nǹkan funfun sórí ìsọ̀ wa bí ẹni da eérú sójú òkú. Ìyá Àlàbá, opó ìlà wa, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò rẹ̀ tó ṣófo. Ẹnu ẹ tá a fi ń rẹ́rìn-ín lọ́jà, òun lo fi jó ilé wa."

Mo fẹ́ fèsì. Èémí mi ò tó ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó gbọ́ bí àyà mi ṣe ń dún, ó pa fóònù.

Nígbà tó yá, èsì dé. Dókítà jókòó kó tó sọ ọ́. Ó ní ti àwọn adìẹ inú oko yẹn, ọ̀fìnkìn ẹyẹ ni, òun gan-an, èyí tó le. Ti èmi, wọn ò rí i lára mi. Ọ̀fìnkìn èèyàn ni wọ́n rí, èyí tó ń jà ládùúgbò, tó ṣí ilẹ̀kùn fún òtútù àyà.

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, wọ́n ní láti gbé mi jókòó. Lẹ́yìn náà ni mo rántí Ìyá Àlàbá nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Dókítà, tó bá jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán ló ṣe mí, kí la wá sin adìẹ àwọn èèyàn sí?"

Ó ní, "Màmá, ọ̀fìnkìn ẹyẹ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni bó ṣe máa rìn láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Ọ̀fìnkìn èèyàn ní tirẹ̀ mọ ọ̀nà ilé gbogbo wa, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ló ń fi í sílẹ̀ láàyè. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo…"

Kò parí rẹ̀. Kò sídìí fún un. Oníṣòwò ni mí. Mo mọ ohun tí èèyàn méjì ń ṣe bí wọ́n bá pàdé lábẹ́ ìsọ̀ kan, tí kálukú mú ohun tí ẹnì kejì ò ní dání. Wọ́n á ṣe pàṣípààrọ̀. Èyí tó jáde níbẹ̀ á mọ ìpani, á sì mọ ìrìn. Ọjọ́ tí mo jókòó síwájú omi gbígbóná yẹn tí mò ń sín, ọ̀kan ti patẹ nínú mi, èkejì wà lọ́wọ́ mi, lójú mi, nínú ooru tí mò ń fà símú. Àyà mi ni ìsọ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n pàdé, mi ò mọ̀ ọ́n; dókítà náà ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Mo bi í bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ó ní àwọn àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn kan tó jà káyé láyé àtijọ́, nǹkan kan wà nínú wọn tó tara ẹyẹ wá. Ó ní ti èyí lè má ṣẹlẹ̀ láéláé. Ó tún lè bẹ̀rẹ̀ níbikíbi tí adìẹ àti èèyàn bá ti ń mí pọ̀, kó sì dé Òṣogbo kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò sùn dáadáa lẹ́yìn ìyẹn. A ti rí kòrónà, a fi ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi kọjá. Mo gbìyànjú láti fi èyí náà ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kò wá.

Wọ́n dá mi sílẹ̀ nígbà tí ìmí mi tó mí láìsí rọ́bà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọjọ́ tí wọ́n dá èèyàn sílẹ̀ ló gbádùn. Mo ń fi ọwọ́ di ògiri mú bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ẹnu mi ń korò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi láàárín ọ̀rọ̀, àwọn èèyàn wá rò pé mo ti di ọmọlúàbí. Síkírá padà sí Òkukù láìwúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bí ọmọkùnrin, igbe ọmọ náà le débi pé ìyá ọkọ rẹ̀ ní èmi ló jọ.

Bí ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ wa, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún mi: ẹran tó bá jinná dénú kò léwu. Ewu wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ àti eruku tí ẹ ń fà símú. Adìẹ tó ń tòògbé, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí olóko pe dókítà ẹran. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, kó má sún mọ́ wọn rárá.

Mo padà sọ́jà. Aṣọ ni mò ń tà báyìí, òkìrìkà. Àgò mi ṣófo. Ìlà wa kò kí mi. Mo kí wọn, mo jókòó. Owó gbà-má-bínú, a ṣì ń retí rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìyá Dèbórà wá dúró síwájú mi, ó fi gèlè bo imú.

"Má rò pé mo ti dárí jì ẹ́," ló wí.

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

"Mo fi adìẹ díẹ̀ pa mọ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí wọ́n wá kó wọn. Wọ́n ti kú. Dèbórà ló ń tọ́jú wọn." Ó gbé ojú kúrò lára mi. "Ara rẹ̀ ń gbóná látàná. Ibo ni wọ́n ń gbà wọlé níbẹ̀? Kí ni èèyàn ń sọ fún wọn?"

Mo ká aṣọ mi. A wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, àwa mẹ́ta, imú wa wà nínú aṣọ, mo ní kí awakọ̀ ṣí gbogbo fèrèsé. Dèbórà ń gbọ̀n láàárín wa. Ìyá rẹ̀ kọjú sí fèrèsé títí a fi dé.

Lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, mo gbọ́ ìmí ara mi, tó ń wọlé tó ń jáde láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò kí i kú iṣẹ́ rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi aṣọ bo ara wọn tí wọ́n sì fọwọ́ kàn mí. Ti ìpàdé tí kò ṣẹlẹ̀ láyà mi yẹn, mo fẹ́ dúpẹ́ rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò lè parí rẹ̀, torí mi ò mọ àyà ẹni tó ti lè máa ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí Dèbórà wọlé. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó fún un pọ̀ títí ó fi dùn mí, ó sì ń bú mi lọ bí a ṣe ń lọ, títí a fi dé iwájú dókítà.